Fódà /home àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò yọjú mọ́ lórí sáfà 2 nínú 4 lẹ́yìn tí iná lọ (autofs, NFS, Rocky 9)

OmoOkeIdanre:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi láti bí ọjọ́ mẹ́ta.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan níbí ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń bójú tó àwọn sáfà lábù wa. Sáfà 4 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀, lab1 títí dé lab4, Rocky Linux 9 ni gbogbo ẹ̀. Sáfà kan tún wà lọ́tọ̀ tí wọ́n sọ ní aka, òun ni gbogbo fáìlì wọn wà lórí ẹ̀, NFS ló fi ń pín wọn fún àwọn sáfà yòókù lórí nẹ́tíwọ̀kì. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, autofs ló máa bá a gbé fódà ẹ̀ wá láti orí aka, tó bá ṣe tán tó jáde, autofs á dá a padà. Orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù wọn ń wá láti LDAP (ìwé orúkọ àwọn olùlò) lórí ẹ̀rọ mìíràn, ìyẹn ò ní wàhálà kankan. Ẹni tó wà níbẹ̀ kí n tó dé ló to gbogbo ẹ̀, kò sí nílùú mọ́. Bó ṣe wà nìyí:

/etc/auto.master:
/home /etc/auto.home --timeout=300

/etc/auto.home:
* -fstype=nfs4,rw,hard aka:/export/home/&

Lọ́jọ́ Ajé iná lọ láàárọ̀, inverter gbé wa dé nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán kó tó dákẹ́, gbogbo ẹ̀ wá kú lẹ́ẹ̀kan náà, sáfà o, súìṣì o, ráútà o, títí kan pírìntà ọ́fíìsì. Ìgbà tí iná dé lálẹ́ gbogbo ẹ̀ tún tan padà pọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lab1 àti lab2 ń ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ lab3 tàbí lab4, á dúró dúró dúró, ohun tó máa wá rí ni:

Could not chdir to home directory /home/ake07: No such file or directory
-bash-5.1$

Tó bá jáde tó tún wọlé lójú ẹsẹ̀, kì í dúró mọ́, ìdáhùn kan náà ló ń jáde kíákíá. Mo ṣe ls /home lórí lab3, ó ṣófo pátápátá, kò sí fódà ẹnì kankan níbẹ̀. Mo ping aka láti orí lab3, ó ń dáhùn dáadáa. Mo ṣe nslookup aka, àdírẹ́sì tó mú wá náà nìyẹn, 192.168.10.131. systemctl status autofs ní ó ń ṣiṣẹ́. Mo ní kí n fi root (ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ) ṣe mkdir, kí n dá fódà sílẹ̀ nínú /home, ó ní Permission denied, èmi root!

Àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn sì ní pùrójẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa gbé sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ṣeé ṣe kí n ní kí wọ́n lọ jókòó sílé, torí náà mo dá autofs dúró lórí lab4, mo mkdir fódà fún àwọn mẹ́sàn-án, mo chown ẹ fún wọn, wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òní ti di Ọjọ́bọ̀. Ohun tó ń já mi láyà ni pé bóyá fáìlì wọn ti bàjẹ́ nígbà tí iná lọ. Ẹ jọ̀ọ́.

AlagbaKernel:

Àbúrò, kú ìrọ́jú. Fọkàn balẹ̀ ná, fáìlì ẹnì kankan ò sọnù. Ìwọ fúnra ẹ ló sọ pé lab1 àti lab2 ń rí i, ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń mú un, bí lab1 bá ń rí i, a jẹ́ pé ó wà nínú àká.

Kí n kọ́kọ́ tán ọ̀rọ̀ /home tó ṣófo yẹn, torí òun ló máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù. Ó yẹ kó ṣófo! Bí autofs ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kò ní gbé fódà kankan wá àfi tí ẹnì kan bá pè é lórúkọ, àmì ìràwọ̀ tó wà nínú auto.home yẹn sì túmọ̀ sí orúkọ yòówù tí wọ́n bá pè, ipò & ni wọ́n á fi orúkọ náà sí. Kò mọ orúkọ àwọn ọmọ yín tẹ́lẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ tò wọ́n sílẹ̀ fún ẹ? Torí náà má ṣe ls /home mọ́, ls /home/ake07 ni kó o máa ṣe. Mkdir tí root ò lè ṣe náà, ibi kan náà ló ti wá, tí autofs bá ti gba /home, òun nìkan ló ń dá fódà sílẹ̀ níbẹ̀, root ò lágbára lórí ẹ̀.

Èyí tó ń dúró lẹ́ẹ̀kíní tí kì í dúró lẹ́ẹ̀kejì, ohun tó fà á ni pé autofs máa ń rántí pé òun ti gbìyànjú tí kò sì bọ́ sí i, fún ìṣẹ́jú àáyá 60 kò ní gbìyànjú mọ́, á kàn sọ pé kò sí. Fi ìyẹn sọ́kàn tó o bá ń dán nǹkan wò, o lè ti tún un ṣe tán kó o rò pé kò tíì ṣiṣẹ́, kó o tún lọ ba ibòmíràn jẹ́.

Wá ṣe gbogbo èyí lórí lab3, kó o dẹ̀ lẹ ohun tó bá jáde síbí:

getent passwd ake07
automount -m
getent hosts aka
nc -zv aka 2049
mount -t nfs4 aka:/export/home/ake07 /mnt

Ìdí tí mo fi tò ó báyìí ni pé àkọ́kọ́ ń sọ bóyá lab3 mọ ẹni náà rárá, èkejì ń sọ bóyá autofs ka máàpù ẹ̀, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ń sọ bóyá ó mọ ọ̀nà ilé aka tí ẹnì kan sì wà nílé (2049 ni ẹnu ọ̀nà NFS), èyí tó kẹ́yìn ló ń yọ autofs kúrò láàárín pátápátá. Tí mount ọwọ́ bá gbà, autofs la máa bá wí, tí kò bá gbà, má fọwọ́ kan autofs rárá.

Ping yẹn ò jẹ́rìí nǹkan kan o. Ẹ̀rọ tó bá wà lórí àdírẹ́sì náà ló ń dáhùn, kò sọ pé aka lòun.

SegunCode24:

Èmi ní tèmi, kúkú yí hard yẹn padà sí soft, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó dúró. Kó o sì chmod 777 sí /export/home, ó máa ń tán wàhálà permission.

AdunniOndo:

Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gbẹ́ni, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ dá a lábàá, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ohun tó lè ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ ni.

Tí ẹ bá fi soft sí i, tí nẹ́tíwọ̀kì bá já díẹ̀ nígbà tí ọmọ kan ń tọ́jú iṣẹ́ ẹ̀, ohun tó ń kọ lọ́wọ́ á rí àṣìṣe gbà dípò kó dúró de aka, fáìlì yẹn lè wà ní ààbọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Hard ń dúró ni, ó ń dun èèyàn, ṣùgbọ́n kì í parọ́ fún ẹ pé òun ti kọ ọ́. Fódà tí èèyàn ń gbé inú ẹ̀ ò ṣeé fi soft sí. 777 ńkọ́, tó bá dé fódà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn, gbogbo wọn á wá lè pa fáìlì ara wọn rẹ́, sshd náà kì í sì í gba kọ́kọ́rọ́ ẹni tí ẹlòmíràn lè kọ sí fódà ẹ̀. Wàhálà yìí ò tiẹ̀ jọ ti permission, Permission denied kọ́ ló ń sọ fún àwọn ọmọ, No such file ló ń sọ.

Nǹkan kan wà tí mo rí nínú ohun tẹ́ ẹ kọ. Nslookup lẹ lò. Nslookup kì í wo /etc/hosts, ìyẹn fáìlì tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àti àdírẹ́sì sí fúnra ẹ̀, ọ̀dọ̀ DNS tó ń dáhùn ìbéèrè orúkọ lórí nẹ́tíwọ̀kì ló ń lọ tààrà. Mount àti ping, inú /etc/hosts ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, bí nsswitch.conf ṣe máa ń wà nìyẹn, files ló máa ń ṣáájú dns. Ìyẹn ni bàbá wa òkè yìí ṣe ní kẹ́ ẹ lo getent. Ẹ bá mi ṣe grep aka /etc/hosts lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

OmoOkeIdanre:

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ti ṣe é. getent passwd mú ake07 jáde dáadáa, automount -m náà fi máàpù /home hàn bó ṣe yẹ. Ìgbà tí mo dé ìkẹta ni ọkàn mi lù:

lab1: 192.168.10.131 aka
lab3: 192.168.10.112 aka

nc láti lab3 sọ pé Connection refused. Mount ọwọ́ gbé mi dúró díẹ̀ kó tó sọ pé Connection refused lòun náà. Mo sì ṣe grep yẹn, kò sí nǹkan kan lórí lab1 àti lab2, ṣùgbọ́n lórí lab3 àti lab4 ìlà kan wà nínú /etc/hosts, 192.168.10.112 aka, ẹni tó to sáfà yìí ló fi síbẹ̀.

Mo wá ronú pé ta ló ń dáhùn ping lórí 112? Mo ṣí i nínú búráúsà. Pírìntà ọ́fíìsì ni! Ojú ewé ẹ̀ ló jáde, tó ń sọ fún mi pé inki dúdú ti ń tán. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni lab3 àti lab4 ti ń bẹ pírìntà pé kó gbé fódà akẹ́kọ̀ọ́ wá.

Mo wá lọ wo ráútà. dnsmasq ló ń pín àdírẹ́sì lórí ẹ̀, aka náà sì wà lára àwọn tó ń gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ ẹ̀, kò sẹ́ni tó so ó mọ́ ibì kan. Ráútà yìí kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn tó ti pín fún tẹ́lẹ̀ tí iná bá ti lọ. Nígbà tí iná dé, pírìntà tètè tan ju aka lọ, òun ló gba 112, aka wá gba 131. Lab1 àti lab2 ń bi ráútà léèrè, ráútà sọ ti tuntun fún wọn. Lab3 àti lab4 ò bi ẹnikẹ́ni, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n gbà gbọ́.

Mo ti yọ ìlà yẹn kúrò lórí méjèèjì, mo dúró ìṣẹ́jú kan bí bàbá ṣe sọ, ls /home/ake07 lórí lab3, gbogbo fáìlì ẹ̀ jáde wẹ́rẹ́. Inú mi dùn débi pé mo tan autofs lórí lab4 náà lójú ẹsẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́sàn-án yẹn ti ń pariwo. Wọ́n rí fáìlì wọn àtijọ́, ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun lórí lab4 ti pòórá. Ọmọbìnrin kan ń sunkún lọ́ọ́fíìsì mi báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti lọ nìyẹn?

AlagbaKernel:

Kò lọ. Sọ fún ọmọ yẹn kó nu ojú ẹ̀ nù. Kó o dẹ̀ má ṣe rm kankan lórí lab4 lónìí, má sì tún un tò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé fódà tó o fi mkdir dá wà lórí díìsìkì lab4 fúnra ẹ̀. Ìgbà tí autofs padà, ó tẹ́ tiẹ̀ lé /home lórí, bí ẹní tuntun tí wọ́n tẹ́ lórí ẹní àtijọ́. Ti ìsàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò kàn hàn síta ni. Tí kì í bá ṣe pé /home jẹ́ partition (ìpín díìsìkì lọ́tọ̀) tirẹ̀ lórí lab4, ṣe báyìí, kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́:

mount --bind / /mnt
ls /mnt/home

Wàá rí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán níbẹ̀. Bind yẹn ń fi díìsìkì náà hàn ẹ́ ní ìhòòhò, láìsí ohun tí wọ́n tẹ́ lé e. Tó bá jẹ́ partition tirẹ̀ ni, ní kí gbogbo wọn jáde, dá autofs dúró, kó o mú un níbẹ̀.

Tó o bá fẹ́ kó iṣẹ́ náà lọ sínú fódà wọn gidi, má fi root kó o. Aka ò ní gbà fún root, root_squash ni, root lab4 dà bí ẹni tí wọn ò mọ̀ rí lójú ẹ̀, ohun tó dáa sì ni bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọmọ náà fúnra ẹ̀ ni kó o fi ṣe é:

runuser -u ake07 -- rsync -av /mnt/home/ake07/ /home/ake07/ise-lab4/

Ṣé o rí i pé fódà lọ́tọ̀ ni mo ní kó o kó o sí? Má dà á lu àtijọ́. Ọmọ mìíràn lè ti lọ ṣe díẹ̀ lórí lab1 kó tó wá sí lab4, tó o bá dà wọ́n pọ̀, ọ̀kan á pa ọ̀kan rẹ́, ìwọ ò sì mọ èyí tó fẹ́. Àwọn ló mọ iṣẹ́ wọn, jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn yàn án.

Lẹ́yìn ìgbà tí gbogbo wọn bá ti sọ pé ó pé, kó o tó yọ ti ìsàlẹ̀, fún un ní ọ̀sẹ̀ kan.

AdunniOndo:

Ẹ ṣeun bàbá. Kí n fi díẹ̀ kún un torí pé iná tún máa lọ, gbogbo wa la mọ̀.

Ẹ fún aka ní àdírẹ́sì tí kò ní yí padà. Mo mọ̀ pé ẹ lè so ó mọ́ MAC ẹ̀ (nọ́ńbà tó wà lára káàdì nẹ́tíwọ̀kì ẹ̀) lórí ráútà, a ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí níbi tí mo wà ní Oǹdó, ó dáa, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé aka ò ní dìde láìjẹ́ pé ráútà ti dìde. Mo fara mọ́ kẹ́ ẹ fi nmcli kọ àdírẹ́sì sí aka lára, kó bọ́ sí ìta ibi tí dnsmasq ti ń pín, kẹ́ ẹ wá kọ orúkọ ẹ̀ sínú hosts ráútà, ibẹ̀ nìkan. Ibì kan ṣoṣo ni kí àdírẹ́sì náà wà, tó bá ti di ibi mẹ́ta, ọjọ́ kan wọ́n á takora.

Ẹ má ṣe é lọ́sàn-án o! Ẹni tó bá ń lo lab1 lọ́wọ́, 131 ni mount ẹ̀ dì mú, hard sì ni, tí aka bá kúrò níbẹ̀ lójijì gbogbo ẹ̀rọ yẹn á le gbagidi, df gan-an ò ní dáhùn. Ẹ dúró títí gbogbo wọn á fi lọ, ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú 5 kọjá kí autofs tú wọn sílẹ̀, timeout 300 tẹ́ ẹ fi sí i nìyẹn, kẹ́ ẹ fi mount | grep aka wò ó lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé kò sí nǹkan kan mọ́.

Èkejì, account tẹ̀yin fúnra yín tó jẹ́ ti orí ẹ̀rọ, tí kì í ṣe ti LDAP, ṣé inú /home ló wà? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, autofs ń bò ó mọ́lẹ̀, ọjọ́ tí aka bá kú lẹ máa nílò ẹ̀ jù, ọjọ́ yẹn gan-an ni kò ní sí. Ẹ gbé e lọ sí ibòmíràn bíi /localhome. SELinux (ẹ̀ṣọ́ ààbò inú Rocky) ò ní fẹ́ràn ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ ṣe semanage fcontext -a -e /home /localhome, lẹ́yìn náà restorecon -R /localhome. A ti rí ẹni tó fojú fo ìyẹn dá, tí kọ́kọ́rọ́ ssh ẹ̀ ò gbà mọ́.

Lẹ́yìn tí aka bá tan, ẹ má dààmú tí fáìlì bá kọ̀ láti ṣí fún bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. NFSv4 ń fún àwọn tó ní fáìlì lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ láyè kí wọ́n wá gba ẹ̀tọ́ wọn padà, ìṣẹ́jú àáyá 90 ni lórí Linux tẹ́nikẹ́ni ò bá yí i. Kì í ṣe àìsàn.

SegunCode24:

Ẹ ṣeun mà, mi ò mọ ti soft yẹn tẹ́lẹ̀. Mo ní soft lórí fódà /home níbi iṣẹ́ wa, màá yí i padà lálẹ́ yìí. Ìbéèrè kan, kí ló dé tí ẹ ò kúkú fi gbogbo ẹ̀ sí fstab kó máa mount nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tan?

AlagbaKernel:

Ìbéèrè gidi ni. Níbi tí iná ò ti dúró, fstab máa ń dá wàhálà sílẹ̀: lab3 lè tan ṣáájú aka, á wá dúró dè é nígbà tó ń tan, tó o bá sì fi nofail sí i, á kọjá lọ láìsí fódà kankan títí ẹnì kan á fi wá mount rẹ̀ lọ́wọ́. Autofs kì í bìkítà ẹni tó kọ́kọ́ tan, ọjọ́ tí ẹnì kan bá pe fódà náà ló ń wá a. Tó o bá fẹ́ fstab dandan, fi x-systemd.automount sí i, òun náà ń dúró de ìpè.

OmoOkeIdanre:

Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́sàn-án alẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní lábù.

mount --bind yẹn, ìgbà tí mo tẹ ls /mnt/home tí mo rí orúkọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tò sílẹ̀, mo kàn jókòó ni. Mo pe àwọn ọmọ náà, mo ṣe rsync yẹn níṣojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ lọ̀rọ̀ bàbá nípa pé kí n má dà á pọ̀. Ọmọbìnrin tó ń sunkún yẹn ti kọ orí kẹta pùrójẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lórí lab1 lọ́jọ́rú, ó tún wá fi ojú ìwé mẹ́fà kún ẹ̀dà àtijọ́ tó gbé wá pẹ̀lú fíláàṣì sórí lab4 lọ́jọ́bọ̀, orúkọ fáìlì méjèèjì sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ká ní mo dà á pọ̀ ni, ọ̀kan nínú ẹ̀ ti lọ nìyẹn. A jọ jókòó tì í, a ṣí méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó mú ohun tó fẹ́ láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti tẹ̀ ẹ́ jáde kó tó lọ sílé.

Aago méje tí gbogbo wọn lọ, mo wo mount | grep aka lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lab2 ṣì di fódà ake02 mú, ọmọ náà gbàgbé láti jáde lórí ẹ̀rọ kan nígun yàrá, mo pè é lórí fóònù kí n tó já a kúrò níbẹ̀. Mo fún aka ní 192.168.10.5, mo kọ orúkọ ẹ̀ sórí ráútà, mo wo /etc/hosts mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí aka nínú ìkankan. Account tèmi ti wà ní /localhome.

Lẹ́yìn náà mo pa inverter fúnra mi, mo jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ kú, mo tún tan án padà lẹ́ẹ̀kan náà. Pírìntà ló tún kọ́kọ́ dìde. Mo wọ lab4 pẹ̀lú ake07, ó wọlé, fódà ẹ̀ yọ. Mo kó ti ìsàlẹ̀ lab4 pamọ́ sílẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀.